Igi Ápù Orvokki

Aago mẹ́ta ọ̀sán ní Kemi, ilẹ̀ ti ṣú;
yìnyín ga dé ojú fèrèsé ilé ìdáná mi.
Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tí mo gbé lé itan,
oòrùn ń ràn, òùngbẹ ń gbẹ kábéèjì.

Mo bomi rin ín. Mo kó ìkarahun létí òkun.
Mo kí ewúrẹ́ tó ń ta bàtà.
Ó ní, "Tauno, Orvokki dà?"
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ìjẹta ni mo gé igi ápù rẹ̀
nítorí afárá tí mo fẹ́ tẹ́. N kò tọrọ gáfárà.
Tornio tó ń gbé kò jìnnà, bọ́ọ̀sì kan ni,
síbẹ̀ a kò tíì fojú kan ara wa rí,
òun tó máa ń jí ẹja mi kó,
táá fi òdòdó dípò.
Kò wọlé lánàá.
Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ro ó títí ọkọ́ mi fi kán.
Eré náà kò kọ ìyẹn mọ́ iṣẹ́ òòjọ́,
kò sì san kọ́bọ̀.

Lóru, àpótí lẹ́tà mi ń tàn:
ọkọ́ tuntun kan, irúgbìn ápù kan,
"Gbìn ín jìnnà sí afárá, olóríkunkun."

Mo wọn ẹsẹ̀ mẹ́wàá.
Mo fi ọ̀kan kún un.