Èjìká Kì Í Ga Ju Orí Lọ

Èjìká kì í ga ju orí lọ, àwọn àgbà ló wí i.
Àmọ́ lọ́sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé,
tí aṣọ ọmọléèwé mẹ́tàlélógójì ń dúró dè mí,
tí iná Nẹ́pà ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
èjìká mi ròkè, ròkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.
Ọrùn mi le gbagidi bí àtẹ́rígbà.
Bí mo bá fẹ́ wẹ̀yìn,
gbogbo ara ni mo fi ń yí.

Asabe gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní Kubwa,
ìdì igi ńlá lórí èjìká rẹ̀ kan ṣoṣo,
bí àwọn ìyá Gbàgyí ti í rù ú, tí wọn kì í gbé e lérí.
Ó dúró. Ó wò mí.
"Sannu, télọ̀. Ta ló di ẹrù yìí rù ẹ́?"
"Ẹrù wo?"
Ó na ìka kan, ó fi kan èjìká mi.
Mo ké.

"Tèmi, bí mo bá délé, mà á sọ ọ́ kalẹ̀.
Ìwọ, o ń gbé tìẹ sùn."

Ó fa ewé tíì yọ láàárín igi,
ewé tí etí rẹ̀ mú, tó máa ń gé ọmọdé lọ́wọ́.
Mo wá atalẹ̀ kan tó wú kókó bí ìka ìyá mi àgbà,
mo fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ,
mo ju kànáfùrù mẹ́ta sí i.
Omi hó. Ó ní kí n sọ ọ́ kúrò lórí iná:
"Bí o bá sè é jù, á korò. Dé e. Jókòó."

Jókòó, kẹ̀?
Mo jókòó.
Ọyẹ́ ń gbá eruku lọ lójú títì.
Fóònù ń dún: bàbá Mofẹ́yìntolú, ó ń wá ṣòkòtò ọmọ rẹ̀.
Mo jẹ́ kó dún tán.

Mo ṣí ọmọrí. Òórùn rẹ̀ dà bí àgbàlá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Ó ta mí lọ́fun, ó wọ̀ mí nínú lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan sì tú, bí ẹni tú okùn ẹran.
Ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì tú. Mi ò ní purọ́.

Asabe ti gbé igi rẹ̀, ó ti lọ.
Aṣọ ṣì wà nílẹ̀, mẹ́tàlélógójì, kò dín kan.
Mo tún bu ife kejì.
Èjìká mi ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọ̀nà ilé.