Ojú Ìwé Méjì Tó Lẹ̀ Mọ́ra

Oṣù Kejìlá ni. Oòrùn ti bá tirẹ̀ lọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta
létí odò Teno, lókè réré ilẹ̀ Fínlándì;
iná mànàmáná la fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n.
Oula dìde láti kàwé fún wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
ẹni tí mo kọ sínú ìwé àbọ̀ rẹ̀ pé:
"Ó lè ṣe é. Kò kàn fẹ́ ṣe é ni."
Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìtàn ehoro tó lọ yá fìlà lọ́wọ́ òṣùpá ni.
Ohùn rẹ̀ ń lọ geerege, kò kọsẹ̀,
inú mi ti fẹ́ máa dùn
kí n tó yọjú wo ìwé láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀:
oje èso igbó ti lẹ ojú ìwé méjì pọ̀,
ó ṣí méjèèjì papọ̀ láìmọ̀,
ẹnu rẹ̀ ṣì ń ka èyí tí kò sí níwájú rẹ̀.

Elle, ìyá bàbá rẹ̀, ló ń kà á fún un lálaalẹ́.
Ọmọ yìí ò ka ìwé; ńṣe ló ká a,
ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹ̀ka fi ṣófo,
ó sì ru gbogbo rẹ̀ wá sílé ìwé nínú òtútù,
ẹni tí mo pè ní ọ̀lẹ.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo jókòó sórí àga rẹ̀.
Orúnkún mi kan tábìlì.
Mo wo b, mo wo d,
ìbejì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn lẹ́nu ọ̀nà kan náà:
èwo ni Táíwò? Èwo ni Kẹ́hìndé?

Marjut dé lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ tó ń rin ilé ìwé mẹ́ta.
Kò mú oògùn dání. Páálí ló mú, tó gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí láàárín,
kí ìlà kan ṣoṣo máa wọlé, kí àwọn yòókù dúró níta.
Ó ní, "Bí ẹ bá fún àwọn tó kù ní wákàtí kan, ẹ fún un ní méjì.
Bó bá mọ ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó fẹnu sọ ọ́."
Bàbá ọmọ kan ní ojúsàájú ni.
Mo bi í bóyá ká bọ́ awò lójú ọmọ tirẹ̀
kí eré ìje lè dọ́gba. Ó wo bàtà rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Oula. Ó ronú díẹ̀.
"Ìyá àgbà mọ̀ pé mi ò lè kà á," ló wí.
"Ìdí nìyẹn tó fi ń kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Lónìí, ní ìdajì Oṣù Kìíní,
oòrùn yọ etí lẹ́yìn òkè, gbogbo kíláàsì sáré sí fèrèsé.
Ọ̀sẹ̀ méje ló fi pa ilé ìwé jẹ,
kò sẹ́ni tó pè é ní olódo.
Oula ò dìde. Ó gbé páálí lé ìlà kẹta,
ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ọ̀dọ̀ b.
Ó dúró.
Mo di ẹnu mi mú.
A ní wákàtí méjì.