Ẹni Tó Ń Bẹ̀rù Búrẹ́dì

Ní Kutaísì, lẹ́bàá odò Rióní,
Otia bàbá mi ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí àsè.
Òun ní í gbé ife wáìnì sókè,
tí í dárúkọ òkú, tí í dárúkọ ọmọ tuntun,
kí ẹnikẹ́ni tó mu.

Nígbà ìkórè èso àjàrà
mo rí i tó ń gé búrẹ́dì oníwàrà sí wẹ́wẹ́,
bí ẹni ń gé e fún ẹyẹ.
Ó jẹ ẹyọ kan. Ó wo aago.
"Ó ku ogún ìṣẹ́jú," ló wí.
Mi ò mọ ohun tó kù.

Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.
Ẹni tí oúnjẹ ń lé kiri ńkọ́?
Ebi ń pa á, ó ń sá fún àwo.
Ó fi ìṣó lu ihò sí ìgbànú rẹ̀, ó lu èkejì;
ìgbà tó lu ìkẹrin ni ìyá mi gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà àkọ́kọ́ ní ọgbẹ́ inú ni.
Èkejì ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun,
ó ní inú mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ẹ̀kẹta ní ìrònú ni, kó máa rìn létí odò.
Ó rìn. Ó ń rìn, ó ń fa sìgá.
Nazibrola ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá aṣọ dúdú.

Bàtà Dókítà Nestan ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Kò bèèrè ibi tó ń dùn ún.
"Ìgbà wo ni?" ló bèèrè.
Bàbá mi gbójú sókè:
ẹnìkan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aago.
"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń ro yín bí ẹ bá gun òkè?"
Ó gbé ohun ìgbọ́kàn lé òkè ìdodo,
ó ní ká dákẹ́.
Ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń súfèé
bí omi tó ń fi tipátipá gba inú páìpù tó dógùn-ún.

Wọ́n fa omi aró sí i níṣan,
wọ́n tì í wọ inú ẹ̀rọ tó rí bí òrùka.
Ẹ̀ka mẹ́ta ló yẹ kó máa bọ́ ìfun.
Ọ̀kan ti dí pátápátá,
ọ̀kan tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ,
ẹ̀kẹta nìkan ló ń ru gbogbo ilé.
"Bí ẹ bá jẹun, ìfun á bèèrè ẹ̀jẹ̀," Nestan wí.
"Ẹ̀jẹ̀ ò dé. Igbe rẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́."

Bàbá mi ní: "Orí mi ò dàrú, àbí?"
Kò dàrú, bàbá.

Lọ́la ni wọn yóò fi irin ṣí ọ̀nà.
Lálẹ́, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.
Mo ní rárá.
"Jẹun. Níbí, lójú mi."
Mo tú búrẹ́dì nínú ìwé, ó ti tutù.
Ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́,
kò wo aago.