Ahun Tí Ilé Rẹ̀ Kò Gbà

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó kángun sí ògiri,
ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa l'Òkè-Fìà,
lẹ́yìn ìgò aláǹgbá tí ọtí ti gbẹ mọ́ lára,
ni mo ti bá a:
àwòṣe igbá ẹ̀yìn ahun kan tí wọ́n fi ẹfun rọ,
ó tóbi tó ọpọ́n ìfọṣọ,
ìwé pélébé kan sì lẹ̀ mọ́ ọn níkùn.

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwùmí ló kọ ọ́ kó tó fẹ̀yìntì:
"Ahun agénijẹ. Ìran rẹ̀ ti run.
Odò tó gbé ti di òkúta."
Ó kọ iye ọdún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n omi ti fọ tàdáwà ibẹ̀.

Èmi tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń fọ ìgò,
mo gbé e sórí tábìlì, mo nù ún.
Àwọn ọmọ kíláàsì kejì rọ́ wọlé.
Ṣíjúadé béèrè pé, "Ṣé Ọ̀ṣun ni wọ́n ti mú un?"
Rárá o. Òkúta tiwa níbí, iná ló sè é,
òkúta líle tí kò ráyè fi egungun pamọ́.
Òkè òkun ni ti ahun yìí,
níbi tí ẹrẹ̀ ti rọra bò ó, ìpele lórí ìpele,
ṣáájú kí ènìyàn kankan tó ní orúkọ,
ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún odò pé ibo ni kó gbà.

Mo ka ìwé tí ọ̀gbẹ́ni fi sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ nínú òkúta:
ọ̀kan ku agbárí, òmíràn kò ṣẹ́kù ju èékánná lọ.
Díẹ̀ ṣì ń bẹ láàyè ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà,
tí kò mọ̀ pé àjẹkù àkókò ni àwọn.
Ahun odò tiwa, bí ẹ̀rù bá bà á,
á ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sinmi.
Ṣùgbọ́n ìran agénijẹ, ilé rẹ̀ kò gbà á.
Igbá àyà rẹ̀ tín-ín-rín bí àgbélébùú,
itan yọ síta, ọrùn yọ síta,
ìrù gùn bí ti ọ̀nì.
Ohun tí kò rí ilé sá sí,
ẹnu ló kù tí yóò fi ṣe ìlẹ̀kùn.

Ni mo bá rántí bàbá mi,
Adégòroyè, wẹ́dà ní ilé iṣẹ́ rélùwéè.
Yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwa mẹ́sàn-án,
ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru.
Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dákẹ́ tí owó oṣù sì dákẹ́,
ẹnu rẹ̀ ló ń gé wa jẹ:
o bi í léèrè ọ̀rọ̀, gbàmù!
O kí i, gbàmù!
A ní ìkà ni. Ìyá wa ní ahun ni,
kò mọ irú ahun tó ń pè.

Ilẹ̀ gan-an ni ahun tó burú jù.
Ó gba ẹran, ó gba ẹ̀jẹ̀,
ó gba ìró omi nígbà tó bẹ́ sódò,
ó gba ẹyin inú iyanrìn tí kò pa,
ó pẹ́, ó pẹ́,
ó wá ju igbá òfìfo sí wa,
ó ní ká máa dúpẹ́.

Ẹ̀mú bàbá mi ló kù lọ́wọ́ mi.
Ó ti dípẹtà, ẹnu rẹ̀ ṣì ń pàdé.
Mo fi gé wáyà lójú àwọn ọmọ:
"Báyìí ni ẹnu ahun náà ṣe ń pa dé."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣíjúadé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín;
ó ti ìka bọ àárín ẹ̀mú,
ó ń wò mí lójú,
mo sì rí i pé mo ti di ọwọ́ ẹ̀mú mú ṣinṣin.
Mo tú u sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo gba orí afárá kọjá.
Ahun kékeré kan wà lórí òkúta, ó ń yá oòrùn.
Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo dúró títí ó fi tún yọ ọ́.
Ó pẹ́ díẹ̀.