Òbúkọ Onírùngbọ̀n Aró

Wọ́n ní kí n ya ẹranko mẹ́jọ sínú ìwé àwọn ọmọdé.
Ẹranko tó ń dẹ́rìn-ín pani, wọ́n ní, tó ń hùwà bí ènìyàn.
Mo ní ó dáa.
Mo gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, mo kọjú sí ọ̀nà Àkàbà Ìdènà,
mi ò tíì mú pẹ́ńsù.

Ojú ni mo kọ́kọ́ fi ń yàwòrán.
Mo wo pẹ́pẹ́yẹ bó ṣe ń gbé ìdí,
bí ìyàwó tuntun tó mọ̀ pé ìyá ọkọ ń wo òun.
Mo wo alángbá lára ògiri,
ó ń mi orí, ó ń mi orí,
bí ajigbèsè tó ń sọ pé, "Lọ́la, lọ́la."
Mo wo òbúkọ Bàbá Adékàmbí,
òun náà wò mí.
Nínú àwa méjèèjì, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ́jú.

Ìgbà náà ni mo tó mú pẹ́ńsù.
Mo fà á fẹ́ẹ́rẹ́,
bí ẹni ń họ ẹ̀yìn fún ọmọ tó ń tòògbé.
Róbótó kan: ikùn nìyẹn.
Róbótó kékeré: orí.
Ẹsẹ̀ ló máa ń yọ mí lẹ́nu;
ẹsẹ̀ ẹran kì í parọ́,
bí o bá tẹ̀ ẹ́ síbi tí kì í tẹ̀ sí,
ẹran náà á ṣubú lé ọ lọ́wọ́.
Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, mo tún pa á rẹ́,
títí bébà fi ń dán bí orí apárí.
Òkété mi wọ bàtà, ẹsẹ̀ kan péré;
ó ní èkejì ṣì wà lọ́dọ̀ aránbàtà.
Ìgbín mi gbé àpótí ìrìn-àjò lé orí ilé rẹ̀.
Níbo ló ń lọ? Mi ò bi í.
Bí o bá da ìbéèrè bo ẹranko jù,
á padà di ẹran ọbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀dà.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kétu, ẹ mọ̀ pé omi wa kì í ṣe ohun àfiṣeré;
àárẹ̀ á ti mú okùn kó tó kan omi inú kànga.
Ife omi kan ni mo ń lò láti àárọ̀ dalẹ́:
mo fi fọ pupa, mo fi fọ àwọ̀ ewé, mo fi fọ aró,
omi náà ṣú bí òjò tí kò ní í rọ̀,
mo bá fi kun sánmà.
Erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo gún un kúnná, mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù,
ara àgbọ̀nrín mi nìyẹn:
ilẹ̀ Kétu ló ń sáré nínú ìwé.

Òbúkọ nìkan ni mi ò rí yà.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ó ń jọ àgùntàn, ó ń jọ ajá,
lẹ́ẹ̀kan ó jọ ọ̀gá tó nà mí nílé ìwé.
Mo dìde, mo lọ po gààrí mu.
Kí n tó padà, òbúkọ ti dé ìdí tábìlì,
ó ti jẹ ara rẹ̀,
bébà kẹfà, láti ìrù dé ọrùn,
ìwo kan péré ló ṣẹ́ kù fún mi.
Ó tún ti ẹnu bọ ife, ó mu sánmà mi gbẹ.
Nígbà tó gbórí sókè,
irùngbọ̀n rẹ̀ ti rẹ sínú aró, ó ń kán tó, tó, tó.

Rẹ́mílẹ̀kún ń ti kànga bọ̀.
Ó kọ́kọ́ sọ garawa kalẹ̀ jẹ́jẹ́, torí omi ni,
kó tó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo mú ìwo tó ṣẹ́ kù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tuntun,
mo ya ìyókù bó ṣe dúró níwájú mi:
ẹ̀rí ń kán lágbọ̀n rẹ̀,
ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú aláìṣẹ̀.

Bàbá Adékàmbí wo àwòrán náà, ó pẹ́.
Ó ní, "Ó jọ ọ́.
Ṣùgbọ́n ta ló máa fọ irùngbọ̀n ẹran mi?"
Mo ní, "Omi wo?"