Bàtà Ló Ṣáájú Ẹsẹ̀

Bàtà la kọ́kọ́ rà,
ẹsẹ̀ la wá ń fà gùn kó lè bá a mu.
Ní Húsavík, létí òkun àríwá Áísílándì,
táyà mẹ́rin bá ọkọ̀ ẹja dé láti Akureyri,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ga dé ìbàdí mi.
Ragnheiður fi àtẹ́lẹwọ́ lù wọ́n pẹ́pẹ́
bí ẹni ń yẹ màlúù wò kó tó rà á.
Ó yí ọ̀kan lọ sábẹ́ pikọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀:
kò wọlé. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

"A ó gbé e sókè," ló wí,
bí ẹni ní ká gbé kọfí kaná.

Oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́ta tó lù.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú,
èmi tí mo mọ ẹja gé ju kí n mọ irin tú,
ayálégbé tí kì í sanwó lásìkò.
Jáàkì ń gòkè, ó ń mí hẹ̀, hẹ̀.
Bóòtù ti bá nọ́ọ̀tù ṣègbéyàwó tipẹ́,
iyọ̀ òkun ló so yìgì fún wọn.
A da epo lé wọn lórí, a bẹ̀ wọ́n, a bú wọn,
ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iná wẹ́dà ló lá a lójú
kó tó jẹ́wọ́.

Sípírínngì àtijọ́ jáde, ewé irin márùn-ún,
ó ti tẹ́ bí ẹ̀yìn alárù.
A ti tuntun bọ ibẹ̀.
A fi ayùn gé etí máágáàdì,
ẹ̀ta iná ń fò mọ́ ògiri gáréèjì,
mo sì rí òjìji ara mi níbẹ̀
tó ga jù mí lọ.

Lórí korobá iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà
ni Ketill jókòó sí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀.
Òun ló ra ọkọ̀ náà
nígbà tí Ragnheiður kò tíì pààrọ̀ eyín.
Kò dá sí wa. Ó ń fa áṣáà símú, ó ń sín.

Nígbà tí a yọ jáàkì
tí ọkọ̀ dúró ganran bí ẹṣin tó gbọ́ ìró,
Ragnheiður na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.
"Dúró," ni bàbá wí.

Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí,
ẹ mọ ìyókù.
Àwa ń wo òkè, gíga ń pa wá bí ọtí.
Òun ń wo abẹ́.
Rọ́bà búréèkì ti le tantan
bí okùn ìwọ̀ tí ẹja ńlá gbé mì;
a na eegun, a gbàgbé iṣan.
"Kòtò kan péré," ó ní, "ó já.
Ta ni yóò wá dá yín dúró lórí yìnyín?"

Ragnheiður fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ padà sórí ìṣó.
Ọjọ́ mẹ́fà la fi retí rọ́bà gígùn.

Ní ọjọ́ keje, Ketill ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀,
ó wo àga tó jìnnà sí i bí àjà ilé.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó sọ ọ́ kalẹ̀.
Ó fọwọ́ pa ibi tí ọ̀dà ti bó lára ilẹ̀kùn.
"Èmi ni mo gbé ọ wá sílé," ó wí fún un.
Ragnheiður wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Mo sáré gbé àpótí ẹja kan láti iléeṣẹ́,
aláwọ̀ búlúù, ìpẹ́ ṣì wà lára rẹ̀,
mo dojú rẹ̀ dé.
Ó gun àpótí, ó gun èjìká wa,
ó ṣépè fún wa, ó wọlé.

Lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà parí sí,
Ragnheiður bọ́ sílẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ táyà,
fíì, fíì,
títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí:
gíga tí a fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá,
a tún ń dín in kù kó lè rìn.
Yìnyín gbà wá, kò gbé wa mì.
Ketill kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo òkun láti ibi gíga,
àpótí ẹja sì ń ró gbàlàgbàlà lẹ́yìn wa.