Lẹ́tà Kan

Ní Ùsì, ulé ni a ń pe ilé,
usu ni a ń pe iṣu.
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. A bá a lẹ́nu Yèyé,
Yèyé bá a lẹ́nu yèyé tirẹ̀.
Lẹ́tà kan péré ló yí. Ilé ò tìtorí ẹ̀ wó.

Ohun tí mo sọ fún Dókítà Ajíbúlù nìyẹn ní Ìdó,
nígbà tó fa ìlà gbọọrọ sẹ́yìn káàdì,
tó ní ìwé ni ara èèyàn,
pé wọ́n ṣì kọ lẹ́tà kan nínú ìwé tiwa,
láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi wá.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Èyí ń wó ilé."

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Àǹtí Ọlájọkẹ́ tí a fi sin ín.
A ní ayé ló ṣe é. A ò bá orogún rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́
títí òun náà fi kú.
Ta ni yóò lọ tọrọ àforíjì báyìí, ní ibojì wo?

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, a ń wọ mọ́tò ìdájí.
Nọ́ọ̀sì á gbé oògùn kọ́, pupa bíi sóbò,
á máa kán, á máa kán, sínú iṣan ọwọ́ Yèyé.
Kò wá tún lẹ́tà kọ. Ẹ má tàn wá jẹ.
Iná ìgbẹ́ ni: ohun tó bá ń yára hù ló ń jó,
jẹjẹrẹ, irun, awọ inú ẹnu,
èékánná tó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Yèyé fi gèlè wé orí tó ń dán,
ó ní òun ti padà di ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, òun ni kò jẹ́ kí n sùn:
oògùn ọ̀hún ń já okùn inú jẹjẹrẹ,
ojú ìwé tó bàjẹ́ yìí gan-an
ló yẹ kó kọ́ ọ bí a ṣe ń so okùn.
Kò mọ̀ ọ́n so.
Àléébù tó ṣílẹ̀kùn fún olè,
òun náà ló tì í mọ́lé.

Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ tèmi náà. Wọ́n kó o lọ sí Ìbàdàn.
Wọ́n ní kí n máa retí.

Lálẹ́ àná, Ìbíyẹmí gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá.
Ó kọ "ulé wa". Tíṣà fi bíró pupa fa igi lé e.
"Ṣé mo ṣì í kọ ni, Màmá?"
Ọmọ ọdún méje. Mo wo àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ṣẹ́mísì,
mo wo bíró pupa.
Yèyé ló dáhùn láti orí ẹní:
"Ulé ni, ọmọ mi. Jókòó. Jẹ usu."